Ọgbọ̀n Ìṣẹ́jú-Àáyá

Yìnyín ti bo ojú fèrèsé ní Oulu.
Hilkka ò rí i, etí ló fi mọ̀ ọ́n:
kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá nísàlẹ̀ ò pariwo mọ́,
ńṣe ni táyà ń rún ilẹ̀, bí ẹni ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ.

Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi tún ohùn dùùrù ṣe,
nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nínú ilé-ẹ̀kọ́, nínú ọkọ̀ ojú omi kan pàápàá.
Okùn tó bá fi ìwọ̀n irun orí yapa, ó gbọ́.
Àmọ́ lẹ́tà báńkì dé lánàá:
"Páálí nọ́ńbà àtijọ́ ti kógbá sílé.
Ẹ wá ṣí ọ̀nà ìwọlé tuntun."

Ta ló ń ka páálí náà fún un tẹ́lẹ̀?
Saimi àbúrò rẹ̀ ni, lórí fóònù.
A máa ka nọ́ńbà bí ẹni ń to ẹyin sínú agbọ̀n,
jẹ́jẹ́, kí ọ̀kan má fọ́.
Saimi lọ nígbà tí ewé ń wọ́.
Ojú tí a yá, a ti dá a padà.

Ilmo ọmọ Saimi ní, "Ẹ̀gbọ́n Màmá, ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é,
ẹ ṣáà sọ ọ̀rọ̀ aṣínà yín fún mi."
Hilkka rẹ́rìn-ín.
"Ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹni méjì bá mọ̀ ti di ìkíni.
Jókòó. Po kọfí. Má fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ohùn inú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀. Ó yára
débi pé òjò orí páànù ni Ilmo gbọ́.
Hilkka gbọ́ gbogbo rẹ̀:
Bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì. Àwòrán.
Bọ́tìnnì tí kò lórúkọ.
Àwòrán.
"Ẹ gbé kámẹ́rà fóònù yín sí àmì yìí."
Àmì wo? Apá ibo ló wà?
Ó gbé fóònù sókè, ó gbé e sísàlẹ̀. Kò mú un.
Ta ló bí bọ́tìnnì yìí,
tí ọjọ́ kẹjọ kọjá lórí rẹ̀, tí ẹnìkan ò sọ ọ́ lórúkọ?
Ẹni tó kọ́lé tó gbàgbé àtẹ̀gùn,
ṣé kò mọ̀ pé àlejò ń bọ̀ ni?

Ó wá ọ̀nà mìíràn rí nísàlẹ̀ pátápátá.
Nọ́ńbà mẹ́fà. Ó yá: Mẹ́rin. Òdo. Méje.
Méje. Ohùn náà dákẹ́ kó lè sọ pé bátìrì ń lọ sílẹ̀.
Ọ̀kan. Mẹ́—
Àkókò ti tán.
Ẹ̀ẹ̀kejì: àkókò ti tán.
Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá! Ẹni tó ríran á fi ojú gbé e lẹ́ẹ̀kan,
ẹni tó ń gbọ́ gbọ́dọ̀ dúró kí ọ̀rọ̀ parí.
Ilmo mí kanlẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ó ti ń kọ́gbọ́n.

Hilkka dìde, ó yọ kinní kékeré kan nínú dúrọ́ọ̀,
kọ́kọ́rọ́ tí kò léyín, tí ẹgbẹ́ afọ́jú fún un lóṣù tó kọjá,
pẹlẹbẹ bí èékánná àtàǹpàkò.
Ó fi ìka wá ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ó tì í bọ̀ ọ́.
Ohùn náà ní, "Ẹ fọwọ́ kàn án."

Ẹ fọwọ́ kàn án!
Ọ̀rọ̀ tí dùùrù ti ń bá a sọ látìgbà èwe.
Ó rọra bà á lórí, bí ẹni ń jí ọmọ.
Ilẹ̀kùn ṣí, kò tilẹ̀ dún.

Ó wá ku nọ́ńbà ọjọ́ ìṣòro, mẹ́wàá:
ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi pamọ́ kí ẹlòmíràn má kà á.
Ó mú páálí nípọn, ó fi irin gún un, tó, tó, tó,
ó jù ú sínú agolo ṣúgà.
Ilmo ṣí agolo, ó wò ó títí:
páálí funfun, kókó wẹ́wẹ́ tó yọ lára rẹ̀.
"Kí lẹ kọ síbẹ̀?"
Hilkka na kọ́ọ̀bù sí i.
"Ṣúgà méjì."

Lálẹ́, ó san owó iná.
Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí fóònù
kó tó rántí pé kò sí ẹni tí yóò bi í pé,
"Ṣé o ti gbọ́ ọ, àbí kí n tún un kà?"